Mo Ṣe Àmín sí Àdúrà Tí N Kò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ìyá a máa bẹ̀rù ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí? Èmi ń bẹ̀rù tèmi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sùn sórí itan mi, ó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, itọ́ ń kán sí mi láṣọ. Ọmọ tó wu ojú ni, ọmọ tí mo fi omijé tọrọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, àyà mi á là gààrà. Ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn èèyàn rò pé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń sá fún, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni ọdún tuntun àwọn ará Táílándì. Ọkọ mi ti lọ aṣọ tí a máa wọ̀ lọ síbẹ̀, orin ló ń kọ, kò mọ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti kún inú mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ọ́.

Ará Ìjẹ̀bú ni mí. Morris Walk ní Woolwich ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ní fúláàtì òkè pátápátá. Òun ń wa táksí, èmi ń ṣiṣẹ́ nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó lọ́nà Belvedere. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń bọ́ wọn lóúnjẹ, à ń gba èébú lẹ́nu àwọn tí orí wọn kò pé mọ́. Iṣẹ́ yẹn kò tì mí lójú rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti pẹ́ nílé ọkọ, ọwọ́ mi sì ṣófo. Oyún méjì ti bọ́ lára mi. Nígbà tí ẹ̀kẹta wá dúró, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọkọ mi. N kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́ lórí fóònù, torí ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mò ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Tí mo bá tọ̀ tán, màá kọ́kọ́ di ojú ná, màá gbàdúrà, kí n tó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣe rí kò lè mọ̀.

Níbi iṣẹ́ yẹn ni mo ti pàdé Nọ́ì. Ọmọ Táílándì ni, òyìnbó ló fẹ́, Thamesmead ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá adágún omi ibẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, agbára rẹ̀ sì ju ti ọkùnrin lọ tó bá di ká gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Gẹ̀ẹ́sì tiwa méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, síbẹ̀ a gbọ́ ara wa yé. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kì í sì í pe orúkọ mi gán-an. Ó ní nílẹ̀ tàwọn, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ẹni tó bá juni lọ, ohun tó sì ń pè mí nìyẹn ní èdè wọn. Ẹ wò ó, níbi iṣẹ́ tí ọmọ àná ti ń pe ìyá arúgbó ní orúkọ rẹ̀, Dọ́rìsì, lásán, ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ mí lára? Ìyá Nọ́ì ti wá bá a láti ilé, ó ń bá a wo àwọn ọmọ. Bí oṣù Ẹ́príìlì ṣe wọlé, Nọ́ì ní ọdún tuntun wọn ti dé, omi ni wọ́n fi ń ṣe é, kí èmi àti ọkọ mi wá bá wọn jẹun. Ọkọ mi ì bá má lọ, torí ìjọ àdúrà kan tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ní Plumstead ló ń lọ, kò sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá jọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n lásìkò náà, àwọn ọmọ òyìnbó kan máa ń dúró lórí afárá ní Thamesmead, wọ́n á máa ju òkò lu aláwọ̀ dúdú, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mú ọ̀bẹ dání. Ó ní aboyún òun kò ní dá rìn níbẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ lé mi nìyẹn.

Mo se ìrẹsì, mo dín ẹja, torí a kì í fọwọ́ lásán lọ síbi ọdún. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn Crossness, níbi tí omi ìgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ń wọ́ sí, wá bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tàwọn, ojú títì ni wọ́n ti ń da omi lura wọn nínú oòrùn gangan. Ní Thamesmead, kẹ́tù ni Nọ́ì fi ń gbé omi kaná, ó ń pò ó mọ́ omi tútù kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òtútù má baà pa àwọn àgbàlagbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ìbọn oníke fọ́n omi sí ọkọ mi lára, ó ń sá yí ọgbà ká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Obìnrin kan fi ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n pò mọ́ omi kùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ọkọ mi ní mo ti di olórìṣà pátápátá. Ère kan wà lórí tábìlì nínú pálọ̀ tí wọ́n ń bu omi òdòdó sí léjìká. Níbẹ̀ la ti yí ojú kúrò, a ṣe bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé ibẹ̀ ni ewu wà, a sì ti rìn jìnnà sí i, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọmọ aráyé ṣe gọ̀ tó!

Ohun tó mú mi kò jọ ewu rárá. Wọ́n gbé ìyá Nọ́ì jókòó sórí àga láàárín pálọ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ funfun, ó ró ìró rẹ̀ dáadáa bí àwọn ìyá wa. Ọmọdé àti àgbà ń lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra da omi tí òdòdó wà nínú rẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n ń tọrọ àforíjì ohun tí wọ́n bá ti ṣe tí kò dára, òun náà á fi ọwọ́ tútù yẹn kàn wọ́n lórí, á máa súre. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, àwọn èèyàn wa rèé! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tí ì rí ibi tí ọmọ ti ń kúnlẹ̀ fún ìyá. Nígbà tó kàn mí, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, eékún mi ti wà nílẹ̀. Mo da omi. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó wò mí. Ló bá gbé ọwọ́ kúrò lórí mi, ó gbé e lé mi níkùn, ikùn tí mo fi kóòtù bò, tí n kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Nọ́ì pàápàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà náà gùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Kí àgbà máa súre fún ẹ, kí o dákẹ́? Ìyá mi ì bá ti gbá mi lẹ́nu. Ibi tí Màmá bá ti mí sí, màá ní àmín. Ọkọ mi tó dúró lẹ́yìn mi, òun tó ní òun kò fẹ́ òrìṣà, tiẹ̀ tún ròkè ju tèmi lọ, ó ń fi orúkọ Jésù kún un. Àwọn ará Táílándì ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nọ́ì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í ohun tí Màmá sọ, ó ní kí ọmọ dé láyọ̀ ni. Màmá so òwú funfun mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, ọkọ mi sì já a dànù ní ibùdókọ̀, ó ní àdúrà la wá gbà, a ò wá gba òwú.

Oyún náà dúró. Mo bí obìnrin, a sọ ọ́ ní Ìtùnú. Nígbà tí agbẹ̀bí gbé e lé mi láyà, mo wo ìka ọwọ́, mo wo ti ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí àmì dúdú kan ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì, róbótó, bí ìgbà tí èèyàn fi orí ìka tẹ̀ ẹ́. Agbẹ̀bí ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ní irú rẹ̀, kò léwu. Mo fẹnu kò ó. Ọkọ mi lọ jẹ́rìí níjọ pé ìyá arúgbó kan tí kò mọ Jésù ni Ọlọ́run gba ẹnu rẹ̀ súre fún wa, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí ariwo ìsọmọlórúkọ ti rọlẹ̀ ni Nọ́ì mú ìyá rẹ̀ wá kí wa. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti bàjẹ́, Màmá sì fi ẹsẹ̀ gun gbogbo àtẹ̀gùn náà. Mo gbé ọmọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó tú aṣọ tí mo fi wé e, ó wo ojú, ó wo ọwọ́, ó wá dé ẹsẹ̀. Ó gbé orí ìka rẹ̀ lé àmì náà, ìka rẹ̀ sì bò ó gẹ́lẹ́. Ló bá bú sẹ́kún, kì í ṣe ẹkún ariwo, ẹkún tó ń ti inú egungun wá, ó ń pe ọmọ mi ní Máálì, Máálì. Ọmọ tí kò tí ì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín sí i. Nọ́ì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní ayọ̀ ló pọ̀ jù, wọ́n sì lọ kí tíì tí mo gbé síwájú wọn tó tutù.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bá mi wọ ilé. Ta ni Máálì? Mo bi Nọ́ì lórí fóònù, ó ní orúkọ òdòdó ni. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbìyànjú. Kò pẹ́ sígbà náà, ara ọmọ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n tó bu omi wá, gìrì ti mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le kokooko lọ́wọ́ mi, ètè rẹ̀ ń dúdú. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mò ń ké Ìtùnú, Ìtùnú, àwọn aládùúgbò ló bá mi pe ọkọ̀ ọsibítù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀: mò ń pe Ìtùnú, bóyá kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn. Àwọn dókítà ní etí ló ń dùn ún, ibà rẹ̀ ló fa gìrì, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yá. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi kò mọ oorun mọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bá Nọ́ì nínú yàrá tí a ti ń fọ aṣọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ẹ̀yìn tì í. Mo ní a jọ máa wà níbẹ̀ títí yóò fi sọ òtítọ́. Ó kọ́kọ́ ń ká aṣọ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan, Máálì lorúkọ rẹ̀, odò ló gbé e lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé, Màmá fi ìka gbo dúdú ìdí ìkòkò, ó fi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì, kí òun lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá padà wáyé. Ó ní láti ìgbà náà ni Màmá ti ń wo ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kiri. Mo ní, “Nọ́ì, kí ni Màmá sọ lọ́jọ́ ọdún, tó gbé ọwọ́ lé mi níkùn?”

Kò wò mí lójú. Ó ní, “Ó ní, Máálì, o ti rìn kiri pẹ́, ilẹ̀kùn rèé, gba ibí wọlé.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ẹ ti ṣe àmín kí n tó lanu. Ẹ̀yin méjèèjì.”

Obìnrin òyìnbó ni ì bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Kòkúmọ́ kan wà ní agboolé wa ní Ìjẹ̀bú, wọ́n bí i tòun ti etí kan tí ṣóńṣó rẹ̀ ti gé. Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ fún mi pé wọ́n gé etí èyí tó kú ṣáájú rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, kí ojú lè tì í, kó lè dúró tó bá tún wá. Mo mọ̀ pé ọmọ máa ń padà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni à ń sọ èèyàn ní Yétúndé fún? Ṣùgbọ́n ilé ara wọn ni àwọn tiwa ń padà sí! Èyí tó ti Táílándì wá bá mi ní Woolwich, tí ìyá rẹ̀ wà láyé tó ń sunkún rẹ̀, kí ni mo jẹ́ fún un? Tí ìyá àkọ́kọ́ bá ń pè é ní Máálì, tí èmi ń pè é ní Ìtùnú, ta ni yóò dá lóhùn? N kò sì lè sọ fún ọkọ mi. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ìjọ rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ẹ̀mí kan wà lára ọmọ arábìnrin kan níbẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tí ì tó ilé-ìwé lọ. Wọ́n fi ààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń pariwo sí i létí títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ yẹn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń ṣe àmín. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìtùnú ńkọ́?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Màmá. Mo pààrọ̀ wákàtí iṣẹ́ mi kí n má baà bá Nọ́ì pàdé. Mo ní ọmọ ń sùn, mo ní a fẹ́ jáde. Màmá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, obìnrin tí kò gbọ́ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ó ń ti Thamesmead wá. Màá máa wò ó láti ojú fèrèsé, á dúró nísàlẹ̀, á máa wo òkè. Lọ́jọ́ kan ó gun òkè wá. Mo pa rédíò, mo gbé ọmọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò mí. Ìtùnú gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ mi, ó ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ ké. Mo fi ọmú dí i lẹ́nu. Màmá kò kan ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, àtẹ̀gùn ti rẹ̀ ẹ́. Ó pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́jẹ́, ó sì padà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ọsàn nínú ọ̀rá nílẹ̀. N kò jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù. Ó bàjẹ́ sílé ìdáná.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi pàdé Nọ́ì àti ìyá rẹ̀ lọ́jà Woolwich. Ó wọlé tayọ̀tayọ̀. Ó ní ọdún omi ti tún dé, Màmá fẹ́ da omi sí ọmọ lọ́wọ́, kó so òwú mọ́ ọn, kó fi dágbére, torí tí ọdún bá ti parí, ó ń padà sílé pátápátá. Mo ní ṣé a gbọ́dọ̀ lọ ni. Ó ní, “Àdúrà tó fún wa ní Ìtùnú nìyẹn. Á tún gbà á fún wa. Ọkùnrin ló kàn.” Ìyá tó wá ọmọ títí tó rí i, tó wá ń lọ sílé, ṣé ó máa ń fi ọmọ náà sílẹ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo rí i lójú mi, bí ọkọ̀ òfuurufú Màmá ṣe ń gbéra, tí ara ọmọ mi sì ń gbóná.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo fẹ́ purọ́ pé ara ọmọ kò yá, ẹnu mi kọ̀ ọ́, torí ta ní í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn sọ́mọ? Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti kórìíra Màmá. Ìdí tí n kò fi rí i ṣe ni n ó sọ fún yín báyìí, n kò sì tí ì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Oyún mi kejì ti tóbi kó tó bọ́. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó bi mí bóyá mo fẹ́ rí i, mo ní rárá, mo kọjú sí ògiri. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ó sì tún nù, torí n kò fi ọwọ́ kàn án, n kò fi àmì kankan sí i lára. Bó bá ti padà wáyé báyìí, tó wà lẹ́yìn obìnrin kan ní Belvedere níbí tàbí ní ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀, mo lè kọjá lára rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí n má mọ̀. Tí mo bá sì mọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun nìyẹn, inú fúláàtì òkè yẹn ló wà, ṣé mo lè jókòó sílé?

Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé ọmọ mi lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti tì í mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, tí ẹ sì ti sin ọmọ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó kò. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, dókítà ti sọ ìyẹn. Ẹ má bi mí pé ọmọ ta ni, torí ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i. Ẹ kàn sọ fún mi ohun tí ẹ̀ bá fẹ́ kí n ṣe, ká ní ẹ̀yin lẹ dúró níta ilẹ̀kùn yẹn bíi Màmá, tí ẹ ń gbọ́ ìró ọmú tí ọmọ náà ń mu nínú ilé.